Orúkọ Mẹ́ta Lára Ìbọn Kan

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ìbọn náà jinná.

Fẹ́yíṣará bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo inú ààrò oòrùn. Búrẹ́dì mẹ́jọ jókòó lápá ọ̀tún. Lápá òsì, ìbọn ìléwọ́ kan so rọ̀ lórí wáyà bí adìyẹ tí wọ́n fẹ́ yan. Àwọn búrẹ́dì ń wú. Ìbọn kò wú ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń dán, ó pupa rúsúrúsú bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tòrò. Ọta kò sí nínú rẹ̀. Àgọ́ ibodè ni ọta ń gbé, kì í bá ìbọn wọlé.

"Ṣé ó ti jinná?" Ọkọ rẹ̀ ló bi í láti ẹnu ọ̀nà.

Fẹ́yíṣará yíjú sí i kó lè rí ètè òun. "Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Ó ku díẹ̀ fún ìbọn. Búrẹ́dì á tẹ̀lé e."

Baba Ìgè mi orí bí ẹni tó gbọ́. Kò gbọ́. Ogún ọdún ló fi ṣọ́ ibodè omi ìlú Òkè-Arómi, ogún ọdún náà ni ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè fi bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, etí méjèèjì ní àwọn ti fẹ̀yìn tì. Òfin ìlú kò sì fi ṣeré: ẹni tí kò bá lè gbọ́ ohun tí ìbọn rẹ̀ ń sọ, kò gbọdọ̀ gbé e.

Nítorí pé ìbọn Òkè-Arómi ń sọ̀rọ̀. Ẹnu méjì ló ní. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń tutọ́, òfin sì ní kí èyí tó ń sọ̀rọ̀ ṣáájú. Tí aṣọ́bodè bá na ìbọn sí ènìyàn, ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ á ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i lára, á kà á ketekete ní ohùn ẹni tó gbé e dání, kó tó lè yìn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yìnbọn sí ní ẹ̀tọ́ láti mọ ilé tí ìyà ti ń bọ̀. Orúkọ mẹ́ta ni: ẹni tó kọ́kọ́ ni ìbọn, ẹni tó fi lé ọ lọ́wọ́, àti ìwọ tó gbé e. Àwọn ọlọ́gbọ́n máa ń kọ ọ́ ní ṣókí. Ọkùnrin kan wà ní ibodè kejì tó kọ gbogbo oríkì ìdílé rẹ̀ sára ti ẹ̀, láti ìdí dé imú. Lọ́jọ́ tí olè omi dé, olè náà pọn kẹ́ẹ̀gì méjì kún, ó dé wọn, ó dúró gbọ́ díẹ̀ nínú oríkì náà, ó ní "ẹ kú ọlá," ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

"Ìyẹ̀fun ti bọ́ sí i lára," Baba Ìgè wí.

"Níbo?"

Ó sún mọ́ ààrò, ó fi ìka hàn án. Òótọ́ ni. Nígbà tí kùn ṣì tutù, ìyẹ̀fun ti fò kúrò lórí búrẹ́dì, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìbọn tótòtó, bí ọrùn ọmọ ọwọ́ tí ooru sú sí.

"Kò sí àyè láti kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i," Fẹ́yíṣará wí. "Ọ̀sán gangan ni àyẹ̀wò."

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Alábúrẹ́dì ló ni ín. Ó jọ ọ́."

Ó fi aṣọ nípọn gbé e jáde, ó gbé e ka orí tábìlì. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ní Òkè-Arómi, ọwọ́ tó máa gbé ìbọn ni ọwọ́ tó gbọ́dọ̀ kùn ún, kí olúwarẹ̀ lè jókòó tì í, kó sì ro ohun tó fẹ́ gbé. Kò sí pé o fẹ́ bẹ oníkùn. Ìdí nìyí tí àwọn ìbọn ìlú náà fi burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Dúdú nìkan ni òfin kọ̀, nítorí ohun tí àwọn ìbọn dúdú ṣe lọ́dún ọ̀gbẹlẹ̀, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí dúdú, bí ojú oníkálukú bá ṣe rí ni. Ẹnìkan kun tirẹ̀ ní àwọ̀ ìbẹ́pẹ. Ẹnìkan ya òdòdó sí i, òdòdó náà jọ aláǹtakùn tó ń sunkún.

Ti Fẹ́yíṣará yàtọ̀. Ó kọ́kọ́ fi sanpépà ha àwọ̀ ewé ọsàn tí ọkọ rẹ̀ kùn ún nígbà kan, títí irin fi yọ fíín. Ó fi kẹrosíìnì nù ún kí ọ̀rá ọwọ́ má baà kù síbẹ̀. Ó fi téèpù bo ibi tí kùn kò gbọdọ̀ dé, ó fọ́n kùn sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó yan án. Lẹ́yìn náà ló fi abẹ́rẹ́ irin fín lẹ́tà sínú kùn náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń kọ orúkọ ìyàwó sórí kéèkì ìgbéyàwó. Ó fi kùn funfun kún ojú ibi tó fín, ó fi àkísà nu orí rẹ̀, funfun sì kù sínú lẹ́tà nìkan. Ìyẹn ló tún yan lẹ́ẹ̀kejì yìí. Ẹ̀rọ yòówù kó kà á, kò ní fọ́jú lé e lórí.

Baba Ìgè bẹ̀rẹ̀, ó kà á.

BABA AFÍNJÚ. BABA ÌGÈ. FẸ́YÍṢARÁ.

Ó padà sí orúkọ àkọ́kọ́. "O kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo gbìyànjú láti kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìlú. Ọwọ́ mi kọ̀. Abẹ́rẹ́ kan kùn, kò wọlé."

Ọkọ rẹ̀ kò bi í pé kí ló dé, nítorí àwọn méjèèjì mọ̀. Ọ̀jẹ́làbí ni orúkọ bàbá Baba Ìgè, òun ló kọ́kọ́ gbé ìbọn náà. Ọdún kejìlélógún rèé tí Fẹ́yíṣará ti wọ ilé wọn, orúkọ yẹn kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá rí. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, débi tó fi máa pe bàbá ọkọ. Lọ́jọ́ kejì tó dé, ó rí i pé bàbá náà ń fọ ọwọ́ kó tó fọ ọwọ́, ó sì sọ ọ́ ní Baba Afínjú. Inú bàbá dùn sí i débi pé ìyàwó kì í tíì pè é tán tó fi ń dáhùn.

Ìyẹn títí di oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí Baba Ìgè sọ pé ìyàwó òun ni òun fẹ́ fi ìbọn lé lọ́wọ́, kì í ṣe àbúrò òun. Bàbá ní ìbọn ilé kì í wọ yàrá ìyàwó. Láti ọjọ́ náà, kò dá Fẹ́yíṣará lóhùn mọ́.

"Ìyàwó, wọ́n ní o ń yan ìbọn."

Gbọ́láhàn, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló wọlé. Ó ti wọ bàtà tuntun fún ipò tí kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Akọ̀wé," Fẹ́yíṣará kí i. Gbọ́láhàn kò ṣe akọ̀wé rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí wọ́n gbé ìyàwó wá, síléètì fífọ́ kan ni í máa ń gbé kiri, orúkọ tí ìyàwó fún un nìyẹn, ó sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ títí dòní. "Ẹ jókòó, ẹ jẹ búrẹ́dì."

Gbọ́láhàn kò jókòó. Ó tẹjú mọ́ ìbọn, ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín títí ìyẹ̀fun fi há a lọ́fun.

"Baba Afínjú. Tí olè bá gbọ́ èyí, á rò pé wọ́n ń pe òun síbi ìkómọ. Ìyàwó, ìwé ìlú kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó ń jẹ́ ẹ mọ ara wọn."

"Ẹni tó ń jẹ́ ẹ kò tíì jẹ́ ẹ láti àádọ́rùn-ún ọjọ́. Mo ń kà á."

"Èmi náà ń kà á, Akọ̀wé. Mi ò yéé kí wọn láràárọ̀."

"Wọ́n á sì kọjú sí ògiri."

"Ògiri náà ti mọ̀ mí báyìí. Ó kù díẹ̀ kó máa dáhùn."

Gbọ́láhàn fa ojú ro. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ènìyàn lóore. "Gbọ́. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ibodè ni páìpù ìlú ń dé ilé rẹ̀. Tó bá di tèmi, páìpù á kúrò lọ́dọ̀ yín, á wá sọ́dọ̀ mi. Mo mọ̀ pé láìsí omi, ìyẹ̀fun rẹ yìí kò ju eruku lọ. Jọ̀wọ́ ìbọn náà fún mi wọ́ọ́rọ́wọ́, n ó máa fún ọ ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lójúmọ́."

"Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan ni màá fi pò ó."

"Ó ju kí o gbẹ lọ. Ṣé o rántí ìpè kẹta? Níbi àyẹ̀wò, ìpè méjì àkọ́kọ́, ìbọn ló ń pè, kí Baba lè dáhùn. Ìkẹta, ẹnu rẹ ni, gbangba, orúkọ inú ìwé ìlú sì ni. Ìyá mi bá Baba gbé fún ọdún mọ́kàndínlógójì, kò pè é lórúkọ rí títí ó fi kú. Lọ́jọ́ tí ilé jó, tí Baba sùn lọ sínú yàrá, ohun tó ń ké ní ìta ni pé, 'Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sùn síbẹ̀ yẹn, iná o.' Èèyàn mẹ́ta tí kì í ṣe Baba ló sáré jáde."

Fẹ́yíṣará fi aṣọ di ìbọn náà. Ó mú búrẹ́dì kan, ó fi lé Gbọ́láhàn lọ́wọ́. "Ẹ jẹ ẹ́ lọ́nà, Akọ̀wé. Oòrùn ibodè máa ń mú ènìyàn lára."

Nígbà tó lọ tán, tí Baba Ìgè náà lọ múra, Fẹ́yíṣará wọ ibi ìkẹ́rù. Ó dúró níwájú àpò ìyẹ̀fun kan. Àpò náà tóbi, ó jókòó gbàgìẹ̀, ó jọ bàbá díẹ̀.

"Ọ̀..." ó wí.

Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ó gbé itọ́ mì, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀..." Òógùn bọ́ sí i lójú. Ó rí ìyá rẹ̀ lọ́kàn, bó ṣe gbá a lẹ́nu nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà tó pe bàbá àgbà kan lórúkọ ní gbangba. Àpò ìyẹ̀fun ń wò ó. Kò lè pè é fún àpò ìyẹ̀fun, báwo ló ṣe fẹ́ pè é fún ẹni tó ni ín?

Ó nu ojú, ó gbé ìbọn, ó jáde. Bí kò bá lè pè é, yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ná.

*

Níwájú ibodè omi, àwọn ènìyàn ti tò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì wọn, ìlà náà gùn dé ìdí àwọn ẹ̀rọ tó ń gba oòrùn. Wọn kì í ṣí omi títí àyẹ̀wò á fi parí, nítorí náà gbogbo ìlú ló ní ìfẹ́ sí i. Ẹyẹ irin kan rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lókè, ó ń ka àkókò. Tó bá fi lè kígbe ọ̀sán gangan láìjẹ́ pé orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jẹ́, ìbọn á lọ sínú iná tí wọ́n fi ń yọ́ irin, ipò á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kàn nínú ilé.

Bàbá ti wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí àga kó tó jókòó, ó tún tẹ́ òmíràn sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kan ẹrọ̀fọ̀ tí omi tó ń jò dá sílẹ̀. Fẹ́yíṣará kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàsán, Baba Afínjú."

Bàbá yíjú. Ògiri kò sí nítòsí, ó wo òfúrufú.

Ọ̀gá Ṣùbọ́lá, obìnrin tó ń yẹ ìbọn wò fún ìlú, gba ìbọn náà. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó fi èékánná ha kùn rẹ̀, kùn kò ṣí. Ó fi ìka tọ lẹ́tà.

"Ta ló kọ́ ọ ní lẹ́tà fífín?"

"Kéèkì, mà."

"Ó dáa ju ti gbogbo àwọn tó wá lọ́dún yìí. Kí ni tótòtó ara rẹ̀ yìí?"

"Búrẹ́dì, mà."

Ọ̀gá Ṣùbọ́lá wò ó bóyá àwàdà ló ń ṣe. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó gbé ìbọn sórí àpótí kan tó ní etí irin kan gbọọrọ lórí. Atẹ́tí ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń mọ̀ bóyá ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìbọn dáhùn fún ara rẹ̀, á sì tan iná aláwọ̀ ewé. Ìbọn kò gbọdọ̀ gbé orúkọ ẹni tí kò gbà.

"Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè," Ọ̀gá Ṣùbọ́lá wí.

Ìbọn náà la ohùn. Ohùn Fẹ́yíṣará gan-an ni. "Fẹ́yíṣará."

"Èmi nìyí."

Iná ewé tàn lára Atẹ́tí.

"Èmi nìyí," Baba Ìgè náà wí.

"A ò tíì pè yín," Ọ̀gá Ṣùbọ́lá wí.

"Hẹn?"

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ìbọn pè é: "Baba Ìgè." Baba Ìgè ti gbójú kúrò lọ́dọ̀ ìbọn, ó ń wo ẹyẹ irin, ó rò pé òun ti parí iṣẹ́ tòun. Gbọ́láhàn rẹ́rìn-ín sínú. Ìbọn pè é lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, bí ohùn Fẹ́yíṣará ti ń jáde lára irin, ètè òun fúnra rẹ̀ ń mì tẹ̀lé e láìmọ̀, ọkọ rẹ̀ sì bojú wò ó.

"Èmi nìyí. Mo mà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Iná ewé tàn. Gbọ́láhàn gbé ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, ọkùnrin yìí kò gbọ́ nǹkan kan."

"Òfin ní kó dáhùn. Kò ní kó gbọ́. Ó kù kan."

Àwọn tó wà lórí ìlà na ọrùn. Àní ẹ̀rọ tó ń fa omi dà bí ẹni pé ó ń tẹ́tí. Ìbọn la ohùn, ní ohùn àràárọ̀ yẹn gan-an:

"Baba Afínjú."

Bàbá fa áńkáṣíìfù yọ, ó nu ọwọ́ ọ̀tún, ó nu ọwọ́ òsì, ó ká a, ó fi pamọ́.

"Ọ̀gá," Gbọ́láhàn wí, "orúkọ yẹn kò sí nínú ìwé ìlú. Ó yẹ kí wọ́n ti gbé ìbọn náà lọ sínú iná."

"Ìwé ìlú kì í jẹ́ ìpè," Ọ̀gá Ṣùbọ́lá fún un lésì. "Orúkọ tí a bá pe ènìyàn, tó bá jẹ́ ẹ, orúkọ rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá á jẹ́ ẹ."

"Baba Afínjú," ìbọn tún pè.

Ètè bàbá mì. Gbogbo ènìyàn ló rí i. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ti sún ìdáhùn náà dé eyín. Ó gbé e mì, ó tún wo òfúrufú.

Ọ̀gá Ṣùbọ́lá pa ìbọn lẹ́nu mọ́. Ó yíjú sí Fẹ́yíṣará, ohùn rẹ̀ kò le mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀. "Ìpè kẹta, tìrẹ ni. O mọ orúkọ tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Tó bá sì dé etí rẹ̀ tí kò dáhùn, ó parí náà nìyẹn. O lè má pè é. Kò sí ẹni tó máa bú ọ tí o bá jọ̀wọ́ ìbọn fún Gbọ́láhàn."

"Ó yé mi, mà."

"Ó ku ìṣẹ́jú kan."

Gbọ́láhàn ti na ọwọ́ kí wọ́n gbé ìbọn fún un. Ó ti ń fi ojú wọn ibi tí páìpù máa gbà kọjá.

Fẹ́yíṣará rìn lọ síwájú bàbá, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀.

"Baba, n kò ní kẹ́ ẹ fẹ́ràn ohun tí ọmọ yín ṣe. Omi ni mo fẹ́ ṣọ́. Mo lè ṣọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí, kì í ṣe láti fi tàbùkù yín. Ẹ forí jì mí kí n tó ṣe é, torí tí mo bá ṣe é tán, ojú á tì mí láti bẹ̀ yín."

Bàbá wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta. Kò gbàgbọ́ pé ó lè pè é. Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò gbàgbọ́.

Fẹ́yíṣará dìde. Ó tún ọ̀já fún mọ́ ìdí. Ó yí padà sí àwọn ènìyàn, ó gbé ojú sókè, ó fa èémí sínú títí èjìká rẹ̀ fi gbéra. Lórí ìlà, ìyàwó ilé kan gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di etí tirẹ̀ náà. Arúgbó obìnrin kan ní, "Ìyàwó, má fi ẹnu rẹ kó bá wa."

"Ọ̀..." Fẹ́yíṣará wí.

Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà bó ṣe lẹ̀ mọ́ ọn níwájú àpò ìyẹ̀fun. Ó fa á ya kúrò.

"Ọ̀jẹ́..."

Àga ṣubú. Bàbá ti dìde, ó ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ inú ẹrọ̀fọ̀, aṣọ funfun kan há sí i lẹ́sẹ̀, èkejì ń wọ́ tẹ̀lé e. Ó ń ju apá bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró.

"Mo gbọ́. Mo gbọ́, ìyàwó. Baba Afínjú nìyí, èmi nìyí. Kí ló dé? Èmi nìyí."

Iná ewé tàn lára Atẹ́tí. Lókè, ẹyẹ irin kígbe ọ̀sán gangan.

Ó gba àsìkò díẹ̀ kí àwọn obìnrin tó yọ ọwọ́ létí.

"Ọ̀gá, èyí kọ́," Gbọ́láhàn wí. "Ó ti pè é dé àárín."

"Ààbọ̀ orúkọ kì í ṣe orúkọ. Ó dáhùn sí èyí tó wà lára ìbọn kí ìpè kẹta tó pé."

"Ẹ̀rù ló mú wọn dáhùn."

"Ọdún kejìdínlógún mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí rèé," Ọ̀gá Ṣùbọ́lá wí, ó ń tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé rẹ̀. "Tí mo bá ní kí n yọ àwọn tí ẹ̀rù mú dáhùn kúrò, kò ní sí aṣọ́bodè kankan nílùú yìí." Ó gbé ìbọn náà fún Fẹ́yíṣará pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ibodè. Baba Ìgè kò gbọ́ ìkankan nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó rí kọ́kọ́rọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ ní òun nìkan.

Bàbá wọ́ ẹsẹ̀ ẹlẹ́rọ̀fọ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó wo ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ìka, ó fi kan lẹ́tà àkọ́kọ́, ó fi kan tótòtó ara rẹ̀.

"O yan ìbọn mi pẹ̀lú búrẹ́dì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

"Nínú ààrò kan náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Ẹ má bínú."

Bàbá sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀, kí àwọn tó wà lórí ìlà má baà gbọ́. "Ṣé wàá parí ẹ̀?"

Fẹ́yíṣará rò ó bóyá kí òun purọ́. Irọ́ náà á dùn létí bàbá. "Ìyókù ti wà lórí ahọ́n mi, Baba. Ká ní ẹ ò dìde, màá parí ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Bàbá wò ó títí. Ó wo ibodè, ó wo ilẹ̀.

"Nígbà tí mo wà níbí," ó wí, "ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jí omi. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́. Mo ń rí i. Ìbọn wà lọ́wọ́ mi, ẹnu mi kọ̀, n kò lè pè é. Ọdún méjì ló fi jí i. Àwọn ọmọdé kan wà ní apá ìsàlẹ̀ ìlú tí omi kò dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́dún méjì yẹn." Ó fi aṣọ funfun nu ọwọ́, aṣọ náà ti di ẹrọ̀fọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dọ̀tí sí i. Kò bìkítà. "Ẹni tó lè pe èmi, olè wo ni kò ní lè pè?"

Fẹ́yíṣará kọjú sí ibodè.

"Ṣí ibodè," bàbá wí. "Ọ̀fun mi ti gbẹ. Bu omi fún mi mu."

Fẹ́yíṣará ki ìbọn bọ àpò ìdí rẹ̀. Ó wo ìlà tó gùn títí dé ìdí àwọn ẹ̀rọ oòrùn, ó wo àwọn obìnrin tó ti dúró látàárọ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bó ṣe yẹ.

"Ẹ lọ tò sẹ́yìn, Baba," ó wí. "Àwọn kan ti ṣáájú yín."

Bàbá wò ó, ó wo ìlà náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àga rẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ìdí ìlà, níbi tí Gbọ́láhàn ti lọ dúró sí láìní kẹ́ẹ̀gì.